Ọmọ Tó Wà Nídìí Fóònù Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ Bassila, Manigri àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ni mo gbé wá lónìí.

Ẹ rántí ọdún 2020. Oṣù kẹta ni àrùn kòrónà wọ ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ Parakou àti Abomey-Calavi padà sílé, ẹ̀kọ́ wọn bá wọnú fóònù. Títí dòní, àwọn míì ṣì ń gba ẹ̀kọ́ lórí WhatsApp.

Èmi náà ti ṣàṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nídìí fóònù láàárọ̀, màá ní, "Dìde, oko yá!" Á tẹ̀ lé mi. Tó bá di alẹ́, á lọ sẹ́bàá títì lọ wá rẹ́sò. Mẹ́gà á sì tán kí ẹ̀kọ́ tó wọlé tán. Kò sùn mọ́, kò jẹun dáadáa mọ́. Èmi ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan ló sọ fún mi pé, "Màmá, ó ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ló kù sẹ́yìn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ní yunifásítì, ohun tí kò bá yé ọmọ, á bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Nílé, òun nìkan ni. Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà míì, àwa la pa á lẹ́nu mọ́.

Òótọ́ ni pé ọmọ míì ń fi fóònù wo eré. Ẹ bi í kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ fún un ní wákàtí méjì láàárọ̀. Ìyẹn ò ní ba kàjú tàbí iṣu jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì mẹ́ta máa pàdé, kí wọ́n dá owó mẹ́gà pọ̀. Tí kò bá sùn, tí kò jẹun, tó ń sá fún èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ńlá Parakou. Tó bá ní ayé sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ bi ara yín: ọmọ ta ló wà nílé tí a ò tíì bi léèrè bó ṣe ń ṣe é?