Gémù, Pólándì àti igbá òfìfo Ọ̀yọ́

1/ Ìbéèrè tó pọ̀ jù lábẹ́ fídíò mi nìyí: "Sister, ṣebí ọmọ Yorùbá ni ẹ́, kí ló dé tó jẹ́ Pólándì lo máa ń gbá? Ṣé kò sí Ọ̀yọ́ nínú gémù yẹn ni?" Ó wà níbẹ̀. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

2/ Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: Europa Universalis IV lorúkọ gémù náà. Paradox ní Sweden ló ṣe é, ọdún 2013 ló jáde. Wàá mú ilẹ̀ kan, wàá máa darí rẹ̀ láti November 11, 1444 títí wọ ọdún 1821. Owó orí, ogun, ìgbéyàwó ọba, ẹ̀sìn, òwò, ọwọ́ ẹ ni gbogbo ẹ̀ wà. Kì í ṣe gémù kíá-kíá. Níhìn-ín ní Ìjù, pẹ̀lú bí iná ṣe ń ṣe wá, ẹyọ kan lè gba oṣù kan.

3/ Wàhálà inú ilé Pólándì ni mo fẹ́ràn. Ọba wọn, Władysław III, kú sójú ogun ní Varna ní November 10, 1444. Gémù bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, orí ìtẹ́ ṣófo. Kó o tó mọ ibi tí ọmọ ogun ẹ wà, wọ́n ti bi ọ́: ta ni kó jọba? Tó o bá mú àbúrò olóògbé tó ń ṣàkóso Lithuania, Lithuania á bọ́ sábẹ́ ẹ.

4/ Tó bá yá, ọwọ́ àwọn ìjòyè ni yíyan ọba á wà. Àwọn ilẹ̀ òkèèrè náà á máa ti ẹni tiwọn lẹ́yìn. O lè ní ọmọ ogun ju gbogbo àdúgbò lọ, kó o jókòó máa wo àlejò tó fẹ́ gorí ìtẹ́ ẹ.

5/ Bó ṣe ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn. Láti 1573 ni àwọn ìjòyè Pólándì ti ń dìbò yan ọba. Láti 1652, ẹyọ ẹnì kan lè dìde nílé ìgbìmọ̀, kó ní òun ò gbà, kí gbogbo ìpàdé tú ká. Àwọn aládùúgbò wá rí i pé fífowó ra ẹnì kan rọrùn ju ogun lọ. Ní 1791 ni wọ́n ṣe òfin tuntun tó fòpin sí i, àmọ́ ilẹ̀ ti ṣú. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ti bu ilẹ̀ náà jẹ ní 1772. Rọ́ṣíà àti Prussia tún bù ú ní 1793, ó sì tán ní 1795. Ọdún 123 ni Pólándì fi kúrò lórí máàpù.

6/ Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ṣé ìtàn yìí ò jọ nǹkan kan létí yín?

7/ Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ náà fi di ńlá. Ọ̀yọ́ náà ní ìjòyè tó ń yan ọba. Ọ̀yọ́mèsì méje: Baṣọ̀run, Àgbáakin, Ṣàmù, Alápìnni, Lágùnnà, Akínnikú àti Aṣípa. Bí Aláàfin bá ṣi agbára lò, Baṣọ̀run á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un. Ìtumọ̀ ẹ̀: ìlú ti kọ̀ ọ́, kí Kábíyèsí wàjà.

8/ Ètò tó dáa ni. Àbí ta ló fẹ́ ọba tí ẹnikẹ́ni ò lè bá wí? Àmọ́ ta ló ń bá Baṣọ̀run wí? Láti 1754 ni Gáà ti gba ìjọba mọ́ ọba lọ́wọ́, tó ń rán Aláàfin lẹ́yìn Aláàfin lọ sọ́run. Ó di 1774 kí Abíọ́dún tó rẹ́yìn ẹ̀. Òwe ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa: bí o láyà, kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́.

9/ Awólẹ̀ jọba lẹ́yìn Abíọ́dún. Ó ní kí wọ́n lọ kọlu Àpòmù, ìlú tó wà lábẹ́ Ifẹ̀, nítorí ìbínú àtijọ́. Òun àti Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, di ọ̀tá. Ní 1796, igbá òfìfo dé ọ̀dọ̀ Awólẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Pólándì parẹ́! Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1835, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

10/ Wàyí o, gbogbo ìgbà tí mo gbá Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó gbé igbá wá bá mi. Yemọja wà níbẹ̀ kí n máa sìn ín, ó dáa. Mo lè ṣẹ́gun Nupe, kí n ṣẹ́gun Benin, kí ọba mi dàgbà dógbó láìsí Baṣọ̀run kankan tó wú ikọ́. Ìdí tí mo fi ń padà sí Pólándì nìyẹn. Ìtàn Ọ̀yọ́ wà nínú Pólándì ju inú Ọ̀yọ́ lọ.

11/ Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Òyìnbó ló fojú tín-ín-rín wa." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ni kí wọ́n fi ọmọ ogun àti wúrà kún ti Ọ̀yọ́. Èmi ò fẹ́ ìyẹn. Ọ̀yọ́ tó ń na gbogbo ayé, ìpanu lásán ni. Ọ̀yọ́ tó lè kú bó ṣe kú ni mo fẹ́, kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún jókòó síwájú ẹ̀ kó máa làágùn, kó máa wá ọ̀nà tí kò fi ní kú.

12/ Torí ibo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ kọ́ ọ? Ìran tèmi, wọ́n yọ History kúrò nínú ẹ̀kọ́ wa. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó ń padà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tá a máa kà wà. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, àbúrò ẹ̀ tún un kọ látinú àjákù tó kù, ó jáde ní 1921. Wọ́n jìyà ẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ wa.

13/ Tá a bá sì máa ṣe é, ká má fi apá kan pamọ́ o. Ẹṣin Ọ̀yọ́, òkè ọ̀hún ni wọ́n ti ń rà á, ènìyàn sì wà lára owó tí wọ́n fi ń rà á. Wọ́n kó ẹrú gba ilẹ̀ Yewa lọ sí Àjàṣẹ́ àti Badagry. Yewa yìí náà ni o, tí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tó kọjá lẹ́bàá wa ń lọ. Gémù tó bá yọ ìyẹn, irọ́ ló ń pa.

14/ Kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáìlì gémù yìí, ọ̀rọ̀ lásán tí Notepad lè ṣí ni. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tiẹ̀ sí i. Ní Ọ̀tà níbí nìkan, Covenant àti Bells wà, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà kún ibẹ̀. Ẹni tó ka History, ẹni tó lè kọ kóòdù, ẹni tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu bàbá àgbà, ẹ bọ́ síta.

15/ Mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí àkọ́kọ́: "Baṣọ̀run ti gbé igbá òfìfo wá. Ìlú ti kọ̀ ọ́. Kí ni Kábíyèsí máa ṣe?" Ìdáhùn àkọ́kọ́: wàjà, kí ilẹ̀ tòrò. Ìkejì: kọ̀, kí o ránṣẹ́ sí Kakaǹfò. Ìkẹta ṣófo. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀.