Ìgbókunró Lẹ́yìn Àìsàn Ńlá: Àbá Lórí Orúkọ Kan

Bí dókítà bá ń tú ẹni tí àìsàn ńlá ṣe sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn, gbólóhùn kan wà tí kì í sábà wọ́n lẹ́nu rẹ̀: ‘Ẹ má tíì ṣe iṣẹ́ agbára o.’ Àwọn ará ilé yóò gbé gbólóhùn náà lọ sílé bí ẹni gbé àṣẹ ọba. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹni náà pọn omi, wọn kò ní jẹ́ kí ó sún àga. Bí ó bá sì fẹ́ dìde bu oúnjẹ fún ara rẹ̀, ẹni mẹ́ta ni yóò sáré dá a jókòó. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kò burú fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkẹjọ, tí dókítà kan náà wá fẹ́ kí aláìsàn àná bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù kí okun rẹ̀ lè padà, kí ni yóò pe ohun tí ó ń ní kí ó ṣe? Bí ó bá pè é ní ‘iṣẹ́ agbára’, ohun tí ó kà léèwọ̀ ni ó tún ń pa láṣẹ. Bí ó bá pè é ní ‘eré ìdárayá’, àwọn ará ilé yóò gbà, aláìsàn yóò sì máa rìn yí ilé po ní ìrọ̀lẹ́. Ìrìn náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni dókítà ní kí ó ṣe.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ìṣègùn, nítorí pé àwọn oníṣègùn mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ti èdè-ìperí ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn olùtumọ̀ ìwé ìlera ti ń fi ‘eré ìdárayá’ bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí ó bá ti mú ara mì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ijó, ìrìn, bọ́ọ̀lù, àti irin gbígbé. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ya ohun méjì sọ́tọ̀ gedegbe. Ó ní kí àgbàlagbà, títí kan àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá fínra, máa ṣe ìrìn tàbí ohun mìíràn tí ń mú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́. Ó tún ní kí wọ́n máa ṣe ohun tí ń fún iṣan lókun ní ọjọ́ 2, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá pe méjèèjì ní eré ìdárayá ti sọ méjì di ọ̀kan, ẹni tí ó kà á yóò sì rò pé òun ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tí àṣìṣe yìí lè ná ènìyàn kò kéré. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n wọn iṣan iwájú itan àwọn aláìsàn 63 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí àìsàn wọn le débi pé iyàrá ìtọ́jú àkànṣe ni wọ́n wà. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, iṣan náà ti fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 dín kù. Ọjọ́ mẹ́wàá péré! Ẹni tí ó bá lo oṣù kan lórí ibùsùn kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ìdí tí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ fi di òkè. Oúnjẹ ní ipa tirẹ̀ nínú àtúnṣe, ìsinmi náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó ń jẹ́ kí iṣan mọ̀ pé iṣẹ́ tún wà fún òun.

Ìtàn bí ọ̀nà ìtọ́jú yìí ṣe gba orúkọ ní Amẹ́ríkà tó ohun tí àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ lè yẹ̀ wò. Thomas DeLorme, ọmọ Alabama, tí wọ́n bí ní 1917, kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ibà kan tí ń ba oríkèé jẹ́ tí ó sì ń kọ lu ọkàn dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ó dìde, irin gbígbé ni ó fi tún ara rẹ̀ kọ́. Ó wá di dókítà ológun ní ilé ìwòsàn Gardiner ní Chicago ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tí àwọn ọmọ-ogun tí orúnkún wọn fara pa pọ̀ sí. Ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún wọn, tí ó pọ̀ ní iye ṣùgbọ́n tí kò ní ẹrù nínú, kò dá okun wọn padà bí ó ti yẹ. DeLorme so irin mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e. Ní 1945 ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́-abẹ eegun, orúkọ tí ó sì fún ọ̀nà náà gbé ìwúwo síwájú: bí ẹni bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ, ‘ìdárayá alátakò wúwo’ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti Arthur Watkins tún kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1948, ìwúwo ti jáde kúrò nínú orúkọ náà. Ìtẹ̀síwájú ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀.

Ìyípadà yìí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ. Orúkọ ìṣáájú ń sọ bí nǹkan náà ṣe rí lójú ẹni tí ó dúró ń wò ó. Èkejì ń sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1948 kan náà ni DeLorme àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní itan. Kí ni ‘wúwo’ já mọ́ fún ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀? Ẹ̀rù nìkan ni yóò bà á. Ṣùgbọ́n ‘ìtẹ̀síwájú’ ní ìtumọ̀ fún òun náà, ìbáà ṣe àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nìkan ni ó lè gbé lónìí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò kọ́kọ́ wá ẹrù tí ènìyàn lè gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, tí kò ní lè gbé ní ẹ̀ẹ̀kọkànlá. Yóò gbé ìdajì ẹrù náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, yóò sinmi. Yóò gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, yóò tún sinmi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé odidi rẹ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́ta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni méje sí mẹ́wàá ni DeLorme kọ́kọ́ là sílẹ̀ ní 1945. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn yóò tún okun rẹ̀ wò, wọn yóò sì fi kún ẹrù náà bí okun bá ti lé sí i. Ẹrù tí gbogbo ìṣirò dúró lé lórí yìí ni ó yẹ kí Yorùbá máa pè ní ‘ẹrù àgbémẹ́wàá’. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, ọmọ ilé-ìwé pàápàá yóò sì mọ̀ ọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá gbọ́ ọ.

Ṣé Yorùbá ní ohun tí yóò fi sọ orúkọ ọ̀nà náà fúnra rẹ̀? Ó ní in, ó sì ní in ju bí àwọn olùtumọ̀ ti rò lọ. Àwọn àgbà kì í pe gbogbo ẹni tí ó dìde lórí ẹní ní orúkọ kan náà. Àìsàn lè ‘sàn’, èyí ni pé ohun tí ń ṣe ènìyàn ti dáwọ́ dúró. Ẹni náà lè máa ‘gbádùn’, kí ó máa jẹun, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó ‘kọ́fẹ padà’. Síbẹ̀, ìyá arúgbó kan lè wo ọmọ rẹ̀ tí ó ti sàn, tí ó ti ń gbádùn, kí ó ní, ‘Kò tíì lókun nínú.’ Ipele tí ìyá náà ń sọ gan-an ni irin DeLorme wà fún.

Nítorí náà, ‘okun’ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dúró lé. ‘Agbára’ àti ‘ipá’ ti wọ iṣẹ́ ní ilé-ìwé, àwọn olùkọ́ físíìsì ti gbà wọ́n, kò sì dára kí wọ́n máa pààrọ̀ ìtumọ̀ bí wọ́n bá ti ré kọjá sí kíláàsì ìmọ̀ ara. ‘Ìmárale’, tí àwọn kan ń lò, dùn létí, ṣùgbọ́n ara líle ni Yorùbá ń pe àlàáfíà. Ẹni tí wọ́n bi pé ṣé ara le, tí ó dáhùn pé ó le, kò sọ ohunkóhun nípa ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Àgbo pẹ̀lú jẹ́ ìmárale. Ní ti ‘ìgbérin’, eré ìdíje ni, kí ó dúró síbẹ̀.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni ‘ìgbókunró’, láti inú ‘gbé okun ró’. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹrù rẹ̀ ń lé sí i, ‘ìgbókunró aláfikún’ ni. Èrò náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní abúlé. Àgbẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀ kì í ti orí ẹní gba oko ẹgàn lọ. Oko etílé ni ó ń kọ́kọ́ lọ, yóò ro ìwọ̀nba ẹsẹ̀ ebè díẹ̀, yóò padà. Ní ọjọ́ mìíràn yóò fi díẹ̀ kún un. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ọgbọ́n yìí ni pé kò ní ìwọ̀n. Àgbẹ̀ fi ojú díwọ̀n, DeLorme fi irin díwọ̀n.

‘Iṣan’ ni ó ku ohun tí ń fa wàhálà jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Yorùbá fi ń pe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ibi tí ìmọ̀lára ń gbà, okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun, àti ẹran tí ń sún eegun. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé iṣan rẹ̀ ti rù lè rò pé ẹ̀jẹ̀ òun ni kò lọ dáadáa mọ́, kí ó sì wá oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ‘iṣan ẹ̀jẹ̀’ ti wà fún ti àkọ́kọ́, ó yẹ kí ‘ẹran-iṣan’ wà fún èyí tí ń sún eegun, kí àwọn olùkọ́ má sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ‘iṣan’ ní òun nìkan nínú ìdánwò.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ tuntun ti pọ̀ jù, pé ‘ẹsasáìsì’ ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ṣe Ètò Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, kò lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì láìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ‘ẹsasáìsì’ kò yanjú ohunkóhun. Ìdárayá tí ó wọ aṣọ òyìnbó ni, ìrìn àti irin sì tún wà pa pọ̀ nínú rẹ̀.

Àtakò tí ó lágbára jù ni ti àmì ohùn. Ìwé ìléwọ́ tí ilé ìwòsàn ń fún ènìyàn kì í sábà ní àmì lórí, nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ‘okun’ lè di okùn, ó sì lè di òkun. ‘Ẹrù’ ni ó tilẹ̀ burú jù: ẹni tí wọ́n ní kí ó máa fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀ lè kà á sí ẹ̀rù, èyí tí kò ṣàìní lọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ̀bi òǹtẹ̀wé ni èyí. Ìwé tí ń sọ iye ìgbà tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣàìsàn yóò gbé ẹrù, tí ń kì í nílọ̀ pé kí ó má sé èémí bí ó ti ń gbé e, tí ó sì ní kí ó dáwọ́ dúró kí ó sì lọ rí dókítà bí àyà bá ń dùn ún tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kò yẹ kí ó jáde láìní àmì.

Ibi kan ṣì wà tí ‘ẹrù’ kò tó. Ẹlòmíràn kì í gbé irin rárá. Rọ́bà ni ó ń fà, tàbí kí ó máa fi ọwọ́ ti ògiri, tàbí kí ó máa dìde lórí àga kí ó sì máa jókòó padà. Rọ́bà kì í ṣe ẹrù, ògiri kì í sì í ṣe ẹrù. Ohun tí gbogbo wọn fi jọra ni pé wọ́n ń ta ko ẹran-iṣan. ‘Atakò’ lè ṣe é, bí àwọn olùkọ́ físíìsì kò bá ti fi í pe nǹkan mìíràn. Àwọn ni ó yẹ kí àwọn olùtumọ̀ ìwé ìlera kọ́kọ́ bi léèrè.