Láti Èkó dé Jídà

Àríyànjiyàn kan a máa wáyé nínú ilé lásìkò Hájì. Ìyàwó tí ó wà nílé yóò ní wákàtí méje ni ọkọ̀ òfurufú fi dé Jídà, ọkọ tí ó lọ yóò ní márùn-ún ni. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn.

Bí a bá wọn ọ̀nà láti Èkó dé Jídà bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó tó 4,200 kìlómítà, èyíinì ni nǹkan bí 2,600 máìlì; ìlọ́po márùn-ún ti Èkó sí Kánò ni. Ọkọ̀ òfurufú ńlá a máa sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, nítorí náà wákàtí márùn-ún tàbí díẹ̀ lé ni ìrìn náà bí ó bá lọ tààrà. Ṣùgbọ́n agogo Jídà fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ẹni tí ó gbéra ní agogo mẹ́wàá alẹ́ yóò balẹ̀ nígbà tí agogo wa bá lu mẹ́ta òru, agogo márùn-ún ìdájí ni yóò sì bá lọ́hùn-ún. Àbọ̀ ńkọ́? Bí ó bá kúrò ní Jídà ní mẹ́wàá àárọ̀, agogo kan ọ̀sán ni yóò dé Èkó, ará ilé a sì máa rò pé wákàtí mẹ́ta péré ni.

Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gba Bọ̀nú àti Sùdáànù kọjá kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Òkun Pupa, ọdún ni wọ́n ń kà, kì í ṣe wákàtí. Òmíràn kò tilẹ̀ padà wálé mọ́. Sùdáànù ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà títí dòní. Òkè Sùdáànù yìí náà ni ọ̀nà tààrà ti òfurufú gbà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù April 2023, tí wọ́n ti ojú òfurufú ibẹ̀ pa, àwọn ọkọ̀ Hájì ọdún náà ní láti yí ká: wákàtí lé, owó ọkọ̀ náà sì lé.

Ẹni tí ó bá ń gba ààwẹ̀ nínú ọkọ̀, kì í ṣe agogo Èkó tàbí ti Jídà ni yóò fi ṣínu, bí kò ṣe oòrùn tí ó ń wò lójú fèrèsé. Bí ó bá ń lọ, ọjọ́ rẹ̀ yóò kúrú. Bí ó bá ń bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ni ó ń lé lọ yẹn, ààwẹ̀ rẹ̀ sì lè fi nǹkan bíi wákàtí méjì gùn sí i. Kí ó di dàbínù sí àpò o!

Ti míkáátì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú òfurufú ni ẹni tí ń lọ sí Jídà tààrà fún Hájì ti ń kọjá rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ọkọ̀ ti sá kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ọkùnrin tó tú ẹrù wá aṣọ haramí, ó ti kọjá. Nílé tàbí ní pápá ọkọ̀ òfurufú ni kí ó ti wẹ̀, kí ó sì ti wọ̀ ọ́, kí ó wá dá àníyàn rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá kéde. Àwọn obìnrin kò ní aṣọ kan pàtó tí wọn yóò pààrọ̀, àníyàn kan náà ni tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, ìlà ìwé ìrìnnà àti ti ẹrù ṣì ń bẹ níwájú wọn. Ilẹ̀ lè mọ́ kí fóònù tó dún. Ẹ lọ sùn.