Ẹ Fi Àyè Sílẹ̀ fún Obìnrin Nídìí Eré Ogun

Ìlera l'oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara nìkan ni ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọkàn pẹ̀lú ń fẹ́ ìsinmi.

Ní Ìlú Ọba, eré kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sinmi ọkàn, èyíinì ni eré ogun orí tábìlì. Wọn a ra ère jagunjagun kéékèèké, tí gíga púpọ̀ nínú wọn tó mìlímítà 28. Wọn a fi àtè lẹ ẹ̀yà ara wọn pọ̀, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kùn wọ́n ní ọ̀dà. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn méjì a to ogun wọn sórí tábìlì, wọn a sì máa da dáìsì bí ẹni ń ta lúdò.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ka eré yìí sí ti ọkùnrin. Bí obìnrin bá fẹ́ ra ère, àwọn kan a bi í bí ó bá jẹ́ pé ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀ ni ó ń rà á fún. Èyí kò dára rárá. Ní Liverpool, ní ọdún 1942, Gilbert Roberts, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi, àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin bíi Jean Laidlaw àti Janet Okell ń to ọkọ̀ kéékèèké sórí ilẹ̀ yàrá. Nínú eré yìí ni wọ́n ti rí i pé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì lè gba ẹ̀yìn wọ àárín àwọn ọkọ̀ ẹrù, wọ́n sì rí ọgbọ́n tí a ó fi dọdẹ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun pàápàá wá kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Obìnrin tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, tí ó tún bọ́ sí ìdí ààrò, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ère tí ó ń kùn, tirẹ̀ ni. Bí ojú àti ọwọ́ bá wà lára ohun kan ṣoṣo, àníyàn a fà sẹ́yìn díẹ̀. Eré náà a sì tún mú un bá ẹgbẹ́ jókòó.

Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọgbọ́n ṣe é o. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ère irin àtijọ́. Májèlé ni òjé, ó sì lè ti ara aboyún dé ara ọmọ inú rẹ̀. Nítorí náà, kí aboyún má ṣe fi fáìlì rẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi í sẹ́nu. Ẹ má ṣe fi ẹnu lá búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Eruku ère tí a fi résìn ṣe kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: ẹ máa fi omi rin ín bí ẹ bá ń rẹ́ ẹ, kí ẹ sì lo ìbòmú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa fín ọ̀dà inú agolo. Ẹ tan iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì máa dìde na ara.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà nídìí eré yìí, ẹ sún díẹ̀. Bí obìnrin bá dé, ẹ má bi í pé ta ni ó ń ra ère fún. Ẹ bi í pé ogun tirẹ̀ dà, kí ẹ sì fún un ní ìjókòó.