Ta Ló Ní Kò Sí Àyè Lórí Ìtàgé?

Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n rán lọ sórí òkè Àjàká ní Ọ̀yọ́-Ilé. Baṣọ̀run fi abuké kan sílẹ̀, Alápìńni fi àfín, Aṣípa fi adẹ́tẹ̀. Sàmù mú ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, Lágùnnà mú aràrá, Akínìkú mú arọ. Aláàfin Abípa ló fẹ́ kó ìlú kúrò ní Ìgbòho padà sílé àwọn baba rẹ̀, àwọn ìjòyè kò sì fẹ́ lọ, torí ara ti tù wọ́n níbi tí wọ́n wà. Wọ́n bá dá ọgbọ́n. Kí àwọn mẹ́fà yìí gun òkè lóru, kí wọ́n tan ògùṣọ̀, kí wọ́n máa rìn kiri, kí wọ́n máa ké pé kò sí àyè, kí àwọn oníṣẹ́ tí ọba rán lọ wo ibẹ̀ lè gbà pé iwin ti gba ìlú. Ó sì ṣiṣẹ́, ẹ̀rù ba àwọn oníṣẹ́, wọ́n padà. Ìgbà tí ọba rán àwọn ọdẹ lọ ni àṣírí tó tú, tí wọ́n mú iwin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wálé láàyè. Lọ́jọ́ tí àwọn ìjòyè péjọ sáàfin, ọba ní kí wọ́n gbé igbá ọtí fún olúkúlùkù wọn, ẹni tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán lọ sórí òkè ló sì gbé ọtí tirẹ̀ wá bá a. Bí Abípa ṣe di Ọba Mọ́rọ̀ nìyẹn, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin.

Samuel Johnson kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí ìran Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn wá ń tọ ipasẹ̀ eré alárìnjó lọ sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ àwọn iwin Ọba Mọ́rọ̀ yìí ni ipasẹ̀ náà gbé e dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Kí Ògúndé onítíátà tó dáyé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, abuké àti àfín àti arọ ti ń ṣeré nílẹ̀ yìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe débi tí oníṣẹ́ ọba fi sá. Ohun tó ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí wọn lẹ́nu. Àwọn ìjòyè ló ni ọ̀rọ̀, ẹnu àwọn àkàndá ẹ̀dá ni wọ́n yá lò. Títí di òní, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa, àmọ́ àwa la wá ń ké e sí wọn.

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ adití, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Lọ́dún tó kọjá, mo mú un lọ wo eré orí ìtàgé. Ojú mi ló ń wò ju ìtàgé lọ. Bí èrò bá bú sẹ́rìn-ín, yóò yíjú sí mi, yóò rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, òun náà yóò wá rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹ̀rín ti ń tán lẹ́nu àwọn tó kù. Nígbà tí ìlù dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ onípákó, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú, mo sì ń rí i tí èjìká rẹ̀ ń bá ìyá ìlù lọ, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òṣèré kan jáde tó ń ṣe bí adití. Ó ń ké bàà-bàà, ó ń ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, èrò ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ọmọ yìí fọwọ́ bi mí pé kí ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń sọ. Mo wo ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni náà títí, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀ tí mo lè túmọ̀ fún un.

Nígbà tí eré parí, mo lọ bá ẹni tó ń bójú tó gbọ̀ngàn, mo bi í bóyá wọ́n lè wá ògbufọ̀ èdè adití nígbà mìíràn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló dá mi lóhùn: “Ẹ má bínú, kò sí àyè tí a máa gbé e dúró sí.”

Ẹnì kan péré, tí yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé!

Àwa Yorùbá kò sì ní àwáwí kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí à ń fi àrokò ránṣẹ́, tí owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ ń dúró fún gbólóhùn. Àwa tí awọ ń bá sọ̀rọ̀ lára dùndún tí a sì ń jẹ́ ẹ, ta ni yóò wá sọ fún wa pé ẹnu nìkan ni èdè ń gbà jáde? Èdè tí àwọn adití ń fọwọ́ sọ ní òfin gírámà tirẹ̀, ó ní àwàdà, ó ní ewì. William Stokoe ti fi èyí hàn lórí èdè adití ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1960. Àmọ́ ìpalára ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní 1880, àwọn olùkọ́ péjọ sí ìlú Milan ní Ítálì, àwọn tó ń gbọ́ràn ló sì kún ibẹ̀. Wọ́n dìbò pé kí ilé ìwé má fi èdè ọwọ́ kọ́ ọmọ adití mọ́, kí wọ́n fi ipá kọ́ ọ láti máa fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tẹ̀lé e, wọ́n ń na ọmọ lọ́wọ́ torí pé ó fi ọwọ́ náà sọ̀rọ̀. Àádóje ọdún kọjá kí àpéjọ irú rẹ̀, tó wáyé ní Vancouver ní 2010, tó jẹ́wọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe ní Milan kò dára.

Ẹni tó mú èdè adití ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé Ìbàdàn, adití lòun náà. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Alabama ní 1925. Àìsàn gba etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kàwé gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití. Ó dé Accra ní 1957, ó dá ilé ìwé sílẹ̀, nígbà tó sì di 1960, ó wọ Ìbàdàn. Ilé ìwé tó dá sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà lé ní 30 kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e tó já ní Rwanda ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 1987. Bí ẹ bá rí àwọn ọ̀dọ́ adití tí wọ́n kóra jọ sí ibùdókọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, tí ọwọ́ wọn ń yára bí ọwọ́ onílù, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, Foster ló gbé e wá.

Lórí ìtàgé ńkọ́? Ní 1967, David Hays, ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán ìtàgé, àti Bernard Bragg, adití tó ti kọ́ eré àfarasọ lọ́dọ̀ Marcel Marceau ní Paris, wà lára àwọn tó dá National Theatre of the Deaf sílẹ̀ ní Waterford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: adití ń fọwọ́ sọ ọ̀rọ̀, òṣèré tó ń gbọ́ràn ń fi ohùn sọ ọ́ lórí ìtàgé kan náà, tí ojú àti etí á fi jọ jẹ eré náà. Kí wọ́n tó gbé wọn sáfẹ́fẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n NBC lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ Alexander Graham Bell ti ránṣẹ́ pé àwọn takò ó, torí wọn kò fẹ́ kí ayé rí èdè ọwọ́. NBC gbé e síta síbẹ̀. Ní 1977, ẹgbẹ́ òṣèré adití náà gba àmì ẹ̀yẹ Tony. Phyllis Frelich, ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn bẹ̀rẹ̀, gba tirẹ̀ ní 1980 fún Children of a Lesser God, eré tí Mark Medoff kọ tìtorí rẹ̀, tó sì fi àdéhùn dè pé ẹni tí kò gbọ́ràn nìkan ni kó máa ṣe ipa obìnrin adití inú rẹ̀. Àdéhùn yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé wa fojú sí. Ìlà kan ni nínú ìwé, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún Marlee Matlin, òṣèré adití, tó fi gba Oscar ní 1987, ní ọmọ ọdún 21. Ní 2022, Troy Kotsur, adití bíi tirẹ̀, náà gba tirẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní Waterford yìí kan náà, nínú ilé eré Eugene O'Neill tí àwọn adití wọ̀nyí fi ṣe ibùjókòó, ni àwọn òṣèré láti Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́kọ́ ṣe Madmen and Specialists ti Wọlé Ṣóyínká ní 1970. Alágbe wà nínú eré náà, afọ́jú kan, arọ kan, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀yin ilé ìwé tíátà tí ẹ óò tún gbé eré yẹn jáde, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó wá ẹni tí yóò di aṣọ mọ́jú, ẹ kọ́kọ́ wá afọ́jú tó mọ eré ṣe.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sàráà ló bí àwọn àkàndá ẹ̀dá nínú. Tẹlifíṣọ̀n ITV a máa ṣe ètò ńlá kan tó ń jẹ́ Telethon, wọ́n á máa fi àkàndá ẹ̀dá hàn bí ẹni ìkáàánú, kí ará ìlú lè dáwó. Ní 1990, àwọn àkàndá ẹ̀dá dúró níta ilé iṣẹ́ náà ní London, wọ́n ní àwọn kò tọrọ. Ní 1992, wọ́n padà wá, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olórin wọn ń kọrin, aláwàdà wọn ń dápàárá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ wà níwájú. Telethon kò tún wáyé mọ́ lẹ́yìn ọdún yẹn. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀ jáde ní 1995. Láàárín àwọn àkàndá ẹ̀dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ òṣèré Graeae wà, tí Nabil Shaban àti Richard Tomlinson dá sílẹ̀ ní 1980. Jenny Sealey, obìnrin adití tó di olùdarí rẹ̀ ní 1997, wà lára àwọn méjì tó darí ayẹyẹ ìṣíde Paralympics ti London ní 2012, lójú gbogbo ayé.

Ọmọ wa kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yínká Shonibare, tó dàgbà sí Èkó, tí àìsàn sọ di àkàndá ẹ̀dá bó ṣe ń wọ ogún ọdún, ló gbé ọkọ̀ ojú omi sínú ìgò sí gbàgede Trafalgar ní 2010, tó fi ànkárá ta ìgbòkun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó fúnra rẹ̀, ojú pópó ni Benjamin Adérounmú, afọ́jú ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Kokoro, ti ń lu ìlù rẹ̀ tó ń kọrin nígbà ayé rẹ̀. Cyprian Ekwensi tìtorí rẹ̀ kọ The Drummer Boy, tó jáde ní 1960. Irú Kokoro mélòó ló ṣì wà lójú pópó báyìí, tí a ń ju náírà sí láti ojú fèrèsé ọkọ̀?

Òfin kò ṣàìsí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ di òfin ní oṣù kìíní 2019, ó sì fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 kí kẹ̀kẹ́ arọ lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù kìíní 2024. Ẹ lọ wo gbọ̀ngàn tó súnmọ́ yín, ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ tún lọ sẹ́yìn, níbi tí òṣèré ń gbà gun ìtàgé, ẹ ka ti ibẹ̀ náà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rántí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún òǹwòran kì í rántí pé oníkẹ̀kẹ́ lè jẹ́ òṣèré.

Ẹ̀yin onífíìmù Yorùbá, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ẹ̀yin lẹ súnmọ́ wọn jù láìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ máa ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, òun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kà. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Bí ìlẹ̀kùn bá kàn gbì, ẹ kọ ọ́. Bí onílù bá ń pe oríkì, ẹ kọ ohun tó ń sọ. Owó kékeré ni yóò ná yín. Bí ìtàn yín bá sì ní adití, ẹ gba adití síṣẹ́, ẹ san owó òṣèré fún un, ẹ má fi oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ṣe é. Ẹ̀yin òǹwòran, bí ẹ bá ti rí ẹni tó ń ké bàà-bàà lórí ìtàgé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òṣèré tí kò bá gbọ́ ẹ̀rín yóò wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ èdè adití lágbàáyé. Ohun tí mo ń bèèrè ni gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn, kan ní Abẹ́òkúta, kan ní Òṣogbo, kan ní Àkúrẹ́, kan ní Adó-Èkìtì, kan ní Èkó, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fún eré tí àwọn adití ṣe, tí àwa tó ń gbọ́ràn yóò jókòó wò, tí àwa ni ògbufọ̀ yóò máa túmọ̀ fún. Ẹ tètè lọ bá ẹni tó ni gbọ̀ngàn ní oṣù yìí, kí ẹlòmíràn tó gbà á fún ìgbéyàwó. Ilé ìwé adití wà nítòsí yín, ẹ bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ bi àwọn ọmọ náà ní eré tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ kó àga kúrò ní iwájú pátápátá, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ lè ráyè. Ẹ pe onílù, kí ó gbé ìyá ìlù rẹ̀ dúró sórí pákó. Bí eré bá sì parí, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹ máa yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú afẹ́fẹ́, kí àwọn tó wà lórí ìtàgé lè rí i.