Owó Oògùn Wà, Owó Ìbọ̀wọ́ Kò Sí

Ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ lóko kòkó sílé, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Mi ò bá àgbẹ̀ wí. Àgbẹ̀ ti wà lóko, ó ti gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín oògùn. Àwa tí a jókòó sí Ìbàdàn àti Èkó, tí à ń fi owó oògùn ránṣẹ́, àwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Bàbá mi fi oko kòkó sílẹ̀ fún mi lápá Oǹdó. Lọ́dún kan mo ra oògùn kòkòrò fún bàbá tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Mi ò ra ìbọ̀wọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ó so háńkáṣíìfù mọ́mú, ó ti ọwọ́ lásán bọ garawa, ó ń po oògùn. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Ó ní, “Ẹ ṣeun o, ọ̀gá.” Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tó dalẹ́, òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó ló rí i pé ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́, ló bá béèrè ohun tó ṣe lọ́sàn-án. Ibà kọ́ o. Oògùn tí mo fowó mi rà ni. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Àṣìṣe wa ni pé a rò pé ẹnu nìkan ni májèlé ń gbà wọlé. Awọ ara ń mu ún. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971: bí a bá fi parathion sí awọ apá àti sí iwájú orí, iwájú orí á gbà tó ìlọ́po 4 ti apá, abẹ́ ọkùnrin á gbà tó ìlọ́po 11 ó lé. Ẹ wá ro ẹ̀rọ tó ń jò sẹ́yìn, tó ń ṣàn lọ sí ìdí!

Kí ni kí a rà, nígbà náà? Ìbọ̀wọ́ nitrile tó gùn dé ọ̀nà ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má ra ti aṣọ tàbí ti awọ, torí wọ́n ń mu oògùn bíi kànrìnkànrìn. Kòkó ga, ọwọ́ sì máa ń wà lókè. Kí ọwọ́ ẹ̀wù wọ inú ìbọ̀wọ́, kí oògùn má baà ṣàn wọ ìgbọ̀nwọ́. Bàtà rọ́bà, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ẹnu rẹ̀ níta. Nígbà tí a bá ń po oògùn, ìgbà náà ló le jù, nítorí kò tíì lómi nínú: awò tó bo ojú yíká àti épúrọ̀n rọ́bà di dandan. Háńkáṣíìfù tó bá ti rin, ṣe ló ń gbé májèlé sún mọ́ imú. Ìbòmú tí a lò nígbà Kòrónà ní 2020 kò lè dá afẹ́fẹ́ oògùn dúró. Bí ìwé ara ìgò bá ní kí a lo ìbòmú tó ní àsẹ́, òun gan-an ni kí a rà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ọ̀já aláwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìwé ara ìgò. Pupa ló burú jù, ìyeyè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Ààbò àkọ́kọ́ ni pé kí a má ra olójú pupa rárá.

Mo ti gbọ́ àwáwí. “Ooru pọ̀.” Kí wọ́n fín in láàárọ̀ kùtù. “Epo pupa ń pa májèlé.” Epo pupa kì í ṣe ìbọ̀wọ́ jàre! “Gámálìn ni àwọn bàbá wa fi fín kòkó, kò sì pa wọ́n.” Ta ló wádìí ohun tó pa wọ́n? Lindane tó wà nínú Gámálìn yẹn, ní 2009 ni wọ́n fi í sínú àdéhùn Stockholm, pé kí ayé pa á tì. “Owó ìbọ̀wọ́ pọ̀.” Àbí? A rówó oògùn, a rówó mọ́tò, a rówó àríyá ọdún. Orí ìbọ̀wọ́ la ti wá di tálákà!

Ìyàwó àgbẹ̀ ńkọ́? Òun ló ń fọ aṣọ oko pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Kí wọ́n ya aṣọ yẹn sọ́tọ̀, kí ẹni tó fín oògùn fọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó bọ́ ọ, kó sì wẹ̀ kó tó gbé ọmọ.

Ọwọ́ ẹlòmíì la fi ń kórè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́, owó oògùn tí kò bá ní owó ìbọ̀wọ́ nínú, ẹ dá a dúró. Kòkòrò ò ní jẹ kòkó tán kẹ́ ẹ tó rà á.