Pupa Kì Í Ṣe Orúkọ Ọ́ìlì: Ọkọ̀ Wa Ń Dàgbà, Kí Là Ń Dà Sí I?

Ẹ wo títì Èkó àti Ìbàdàn dáadáa. Àwọn ọkọ̀ tó yẹ kí olówó wọn ti pààrọ̀ ṣì ń rìn. Kò yà mí lẹ́nu. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lóṣù kejì, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà fò kọjá 1,500 ní 2024. Ẹni tó ń ro ti "Muscle" tẹ́lẹ̀ wá di "Big Daddy" rẹ̀ mú ṣinṣin. Èmi náà wà lára wọn o: Camry 2003 ni mo ń wà.

Epo àti táyà là ń ráhùn lé lórí lójoojúmọ́. A kì í sọ ti ọ́ìlì gíà, omi bíréèkì àti omi rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àpò ti ń ya.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí mẹkáníìkì bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì gíà. Ó rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, ọmọ gbé ìgò dé. Mo bi í pé irú wo nìyí? "Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì gíà ni, pupa ni gbogbo wọn." Mo gbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo bá kúrò níbi iná tíráfíìkì, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ ò ní fẹ́ lọ. Bóyá gíà náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, n ò lè búra. Àmọ́ nígbà tí mo padà wo ìgò náà, WS ló wà lára rẹ̀.

T-IV ni Camry 2003 ń mu. WS jẹ́ ti Muscle. Pupa ni méjèèjì, ṣùgbọ́n WS fẹ́lẹ́ jù ú lọ, Toyota fúnra rẹ̀ sì ní ká má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ti Honda tún yàtọ̀: DW-1 tó rọ́pò Z1 ṣeé dà sínú ọkọ̀ tó ń lo Z1. Nítorí náà, "tuntun ló dáa jù" tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù lè jóòótọ́ fún ọkọ̀ kan, kó ba ìkejì jẹ́. Ẹ tún wo Dexron III. Láti ìparí 2006 ni General Motors kò ti fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ orúkọ yẹn mọ́. Ìgò tó bá kọ ọ́ sára lónìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣe é lásán ni.

Ti bíréèkì ló ń bà mí lẹ́rù jù. DOT 3 àti DOT 4 lè pàdé, DOT 5 kò gbọdọ̀ dá sí wọn, torí silikóònù ni. Omi bíréèkì sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, òṣùwọ̀n náà já sí 140. Ẹ wá máa tẹ bíréèkì láti orí Òkè Mápó sọ̀kalẹ̀. Ta ló ń pààrọ̀ ẹ̀? A kàn ń bù kún un ni. (Ẹ̀yin tó ń da píọ̀ wọ́tà sí rédíétọ̀, mo rí yín.)

Mi ò bínú sí ọmọ iṣẹ́ yẹn. Tòkunbọ̀ kì í sábà bá ìwé ìlò rẹ̀ dé. Àjọ SON ń lé ayédèrú, ó dáa, ṣùgbọ́n ojúlówó WS náà ò yẹ inú gíà tèmi. Kí àwọn mẹkáníìkì máa kọ orúkọ ọ́ìlì, kì í ṣe "gear oil" lásán, sórí rìsíìtì. Ìyẹn ò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ìwé ìlò wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Toyota ti Amẹ́ríkà. Lára ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì gíà tèmi, wọ́n kọ T-IV síbẹ̀, mi ò kàn wò ó rí ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí èyí tó wà níwájú, ó wo fóònù mi, ó dá ọwọ́ dúró. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jókòó. Ó wà lẹ́yìn."